Ìyá Àgbà àti Ṣòkòtò Mànàmáná

A kì í sin àkùkọ nílé wa ní Ìkọ̀tún. Máṣíìnì Bàámi ló ń jí wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ ó ti gbọ́ ọ, kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀, á dúró díẹ̀, Bàámi á fi eyín já òwú, kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ télọ̀ ni Bàámi ń ṣe. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti gbé máṣíìnì rẹ̀ wá, ó gba yàrá méjì nínú agboolé kan lójú ọ̀nà Ìdímù, ó sì sọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú di ṣọ́ọ̀bù. Igbó pọ̀ ju ilé lọ ní Ìkọ̀tún nígbà náà, ẹ má wo bó ṣe rí lónìí. Ṣùgbọ́n ọdún tí mò ń sọ yìí, owó epo rọ̀bì ti wọ̀lú, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Akọ̀wé tó jẹ́ pé ṣẹ́ẹ̀tì méjì péré ló ń pààrọ̀ láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Jímọ̀, òun náà ló wá ń gbé lèèsì wá fún ìyàwó rẹ̀, tí yóò tún ní kí Bàámi bá òun rán bọ́ńgò, ṣòkòtò tí ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ débi pé adìyẹ lè yé ẹyin síbẹ̀. Aṣọ kún ilé wa títí dé abẹ́ ibùsùn. A ń jẹ ìrẹsì láàárín ọ̀sẹ̀, láìsí ọdún, láìsí ìnáwó, inú mi a sì máa dùn ṣá.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Bí a bá ti kírun àárọ̀ tán, èmi ni mo máa ń fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, èmi náà ni mo máa ń gbé mágínẹ́ẹ̀tì kiri ilẹ̀ láti fi ṣa abẹ́rẹ́ tó bá já bọ́, kó má baà gún oníbàárà lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń gbá àjákù aṣọ jọ, tí màá kó o lọ fún Ìyá Àgbà lẹ́yìnkùlé. Ìyá tó bí Bàámi ni Ìyá Àgbà. Òun ló kọ́ Bàámi níṣẹ́ abẹ́rẹ́ kí Bàámi tó mọ ohun tó ń jẹ́ máṣíìnì, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé rẹ̀. “Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ló bí máṣíìnì,” bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, “ọmọ ò sì lè ju ìyá lọ.” Ṣùgbọ́n ojú Ìyá Àgbà ti ń ṣú. Kò dá ojú ènìyàn mọ̀ mọ́, ohùn ló fi ń mọ̀ wá. Síbẹ̀, bí òjò bá ṣú, òun ló máa ń kọ́kọ́ ké láti orí àpótí rẹ̀ pé, “Àjíkẹ́, jàlàbíà bàbá rẹ wà lórí okùn o!” Èmi á sáré lọ ká jàlàbíà funfun náà. Bó bá jẹ́ ìró aláró Màámi ló wà níbẹ̀, òjò á pa á jàre.

Lọ́dún tó ṣáájú, Ìyá Àgbà rán àpò mọ́ ẹ̀yìn agbádá oníbàárà kan. Ọkùnrin náà pariwo débi pé gbogbo àdúgbò gbọ́, Bàámi sì ra aṣọ mìíràn dá a padà. Láti ọjọ́ náà, Bàámi kò gbé iṣẹ́ fún ìyá rẹ̀ mọ́. Kò bá a jà o, kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí i. Ó kàn ń sọ pé, “Ẹ sinmi, Ìyá mi. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó.” Ìsinmi yẹn ló sì ń pa Ìyá Àgbà. Á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, á máa kó àjákù aṣọ sínú àpò ìrọ̀rí, á máa fi ìka méjì yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. “Àrán nìyí. Dàmáàsìkì nìyí. Èyí, kákí ọmọ iléèwé ni.” Kò ṣì í rí. Bí àjákù bá tán, ìka rẹ̀ á máa rìn létí ìró rẹ̀ bí ẹni tó ń rán aṣọ tí kò sí. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, “Àjíkẹ́, ẹni tí wọn ò bẹ̀ níṣẹ́ mọ́, àlejò ló dà nílé ọmọ rẹ̀.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí débi pé mi ò jẹ ẹ̀bà mi tán, èmi tí mo máa ń lá àwo.

Ẹni tó mú Mànàmáná wọ ayé mi ni Tíṣà, ará Èkìtì tó gba yàrá ẹ̀gbẹ́ wa. Nígbà tí ìjọba fi kún owó oṣù wọn, rẹ́díógíràmù ló fi rà. Lọ́sàn-án gbogbo Sátidé, bó bá ti fọ aṣọ rẹ̀ tán, á gbé àwo orin Mànàmáná sí i. Ẹ gbọ́, mi ò gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ rí láyé mi! Jìtá ń bú ramúramù, ó ń ké, ó ń sunkún, ọkùnrin kan sì ń fi Yorùbá kọrin lórí rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó há bí ẹni tó jẹ erùpẹ̀. Tíṣà ní róòkì lorúkọ orin náà. Ó ní Mànàmáná ti ń ta jìtá kí wọ́n tó bí mi, pé ó ti kọrin dé ìlú òyìnbó, pé gbogbo ọmọ kéékèèké tó ń ṣe róòkì ní Èkó, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ kí i ni. Mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà Tíṣà, màá máa rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, orí mi á máa mì. Ṣùgbọ́n Tíṣà kì í jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kan páálí àwo rẹ̀. “Ọwọ́ epo!” ni yóò pariwo. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé mo mọ ohùn Mànàmáná bí ẹní mọ ohùn bàbá rẹ̀, àmọ́ mi ò mọ bó ṣe rí.

Ẹ wá wò ó, kọngilá kan tó la ọ̀nà dé Ìgándò kọ́ ilé epo tuntun sí iwájú wa lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ kan ń fi gbohùngbohùn kéde rẹ̀ láti Ìyànà Ìpájà wá sí Ẹ̀gbẹ́dá títí dé ọ̀dọ̀ wa pé ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n máa ṣí i, pé Mànàmáná fúnra rẹ̀ ló máa wá kọrin, ọ̀fẹ́ sì ni. Yéè! Mo sáré wọ ṣọ́ọ̀bù, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da áyọ́ọ̀nù nù. “Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ wo Mànàmáná!” Bàámi ò gbójú sókè. Ó ní, “Ibi tí àgbàlagbà ti ń fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́, kí ni ọmọbìnrin fẹ́ lọ wá níbẹ̀?” Kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Mo lọ sunkún sí àyà Ìyá Àgbà, ó ní kí n nu imú sí ìró òun bó bá jẹ́ pé ó wù mí, àmọ́ kí n má fi òwú òun nu ojú.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé. Bàámi ti lọ kí Jímọ̀, Màámi wà lọ́jà, èmi nìkan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ọkọ̀ kan dúró. Ọkùnrin gíga kan tó dá irun jọ sórí bí igbó sọ̀kalẹ̀, ó gbé àpò kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní òun ló ń lu ìlù fún Mànàmáná, pé wọ́n wá wo pápá tí wọn yóò ti ṣeré. “Ṣòkòtò ọ̀gá wa nìyí. Síìpù rẹ̀ ti bàjẹ́. Sọ fún bàbá rẹ pé síìpù nìkan o! Kó má fọwọ́ kan ibòmíràn. Ṣó o gbọ́? A máa wá gbà á láàárọ̀ ọ̀la.” Mo ní mo gbọ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan jàre. Láti ìgbà tó ti pe orúkọ Mànàmáná ni etí mi ti di. Ṣòkòtò Mànàmáná! Lọ́wọ́ èmi Àjíkẹ́! Bí ọkọ̀ náà ṣe yí ẹ̀yìn padà ni mo fà á jáde nínú àpò. Jíǹsì ni, ó ti ṣá, ó sì ya níhìn-ín, ó ya lọ́hùn-ún. Mo kà á, ihò méje. Nígbà tí Bàámi dé, mo ní, “Síìpù ni wọ́n ní ó bàjẹ́.” Ìyẹn nìkan ló kù nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Bàámi mú síìpù tuntun, ó rán an síbẹ̀ kíákíá, ó mi orí nítorí ihò náà, ó so ó kọ́, ó sì gbé aṣọ ìyàwó kan lọ fún àwọn aláṣọ ní Ẹ̀gbẹ́dá.

Mi ò lè mú ayọ̀ náà mọ́ra. Mo gbé ṣòkòtò náà, mo sáré lọ sẹ́yìnkùlé, mo tẹ́ ẹ sórí itan Ìyá Àgbà. “Ìyá Àgbà, ti Mànàmáná ni! Ti Mànàmáná orí àwo Tíṣà!” Ìyá Àgbà gbọ́wọ́ lé e. Ìka rẹ̀ wọ ihò kan, ó jáde, ó wọ òmíràn, mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń le. “Kí ni wọ́n ní ká ṣe sí i?” ló bi mí. Bí mo ṣe jókòó yìí, arúgbó tí orí ti funfun, mo ṣì lè gbọ́ ohùn ara mi bó ṣe dáhùn: “Wọ́n ní ká tún un ṣe.” Ìyá Àgbà ní, “Bàbá rẹ sì fi ihò méje sílẹ̀? Aṣọ tó bá wọlé aránṣọ ní yíya, kì í bá yíya jáde. Gbé abẹ́rẹ́ mi wá.” Mo gbé e wá. Èmi ni mo fi òwú bọ̀ ọ́. Ó tú àpò ìrọ̀rí sílẹ̀, ó ń fọwọ́ ṣa àjákù. Líle aṣọ àti rírọ̀ rẹ̀ ló fi ń yàn, kò mọ àwọ̀ mọ́. Àrán pupa ló fi dí ihò orúnkún ọ̀tún, dàmáàsìkì aláwọ̀ ewé lọ sí itan, kákí ọmọ iléèwé lọ sí orúnkún òsì, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Títí ìrun ìrọ̀lẹ́ fi tó, kò gbórí sókè. Ó ń kọrin lábẹ́ imú. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti gbọ́ ọ kọrin kẹ́yìn. Mo jókòó tì í, inú mi ń dùn, nígbà tó sì parí, mo gbé e padà lọ kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, mo rò pé aṣọ yẹn dára. Mo ṣì rò bẹ́ẹ̀ dòní.

Igbe Bàámi ló jí mi láàárọ̀ Sátidé, máṣíìnì kọ́. “Ta ló ṣe èyí? Ta ló ṣe èyí sí aṣọ aláṣọ?” Ó gbé ṣòkòtò náà sókè lẹ́nu ọ̀nà, àwọn àjákù náà ń tàn yẹ̀rì nínú oòrùn. Tíṣà yọjú pẹ̀lú pákò lẹ́nu. Nígbà tó rí ohun tó wà lọ́wọ́ Bàámi, pákò já bọ́. Ó sáré wọlé, ó gbé páálí àwo rẹ̀ jáde, ọjọ́ yẹn ni mo rí àwòrán náà fún ìgbà àkọ́kọ́: Mànàmáná ń fò lókè, jìtá lọ́rùn rẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ń yọ níta nínú ihò ṣòkòtò yẹn gan-an. “Télọ̀,” Tíṣà wí, “ihò yìí ni gbogbo ayé fi mọ Mànàmáná! Ẹ ti dí i!” Ìgbà náà ni gbogbo ohun tí ọkùnrin onílù sọ padà sí mi létí. Síìpù nìkan o. Mo wólẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Bàámi, mo ń retí ìgbájú. Bàámi ò tiẹ̀ wò mí. Ó mú abẹ bíléèdì, ó fa òwú àrán orúnkún sókè láti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ibẹ̀ ni ohùn Ìyá Àgbà ti gba ẹ̀yìnkùlé wá, ó ń kọrin, ó ń bi Màámi bóyá ẹ̀kọ ti jinná nítorí ebi iṣẹ́ ń pa òun. Ọwọ́ Bàámi dúró. Ó tẹjú mọ́ ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gbà létí àrán náà, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọ̀kan ò ju ọ̀kan lọ. “Kò sí èyí tó wọ́ nínú wọn,” ló wí. Ó gbé bíléèdì sílẹ̀, ó jókòó, ó ń wo ilẹ̀.

Bó ṣe jókòó bẹ́ẹ̀ ni Mànàmáná dé. Fúnra rẹ̀! Mo ti rò pé yóò ga bí òpó iná. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń fewú, ó wọ jígí, ó sì kí Bàámi pẹ̀lú ìtẹríba bí oníbàárà yòówù. Lẹ́yìn náà ló rí ṣòkòtò rẹ̀. Ó mú un, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. “Ta ló ní kẹ́ ẹ ṣe èyí?” Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni, èmi ni mi ò jíṣẹ́. “Télọ̀,” ó wí, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, “bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà tèmi nìyí! Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wọ̀ ọ́ kiri. Ihò méjèèje, ìlú ńlá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti ya wọ́n. Ẹ bá mi tú u kíá!” Bàámi dìde, ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ má bínú, ọ̀gá. Màá tú u. Ẹ kàn jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ìyá mi ló rán an. Kò ríran mọ́. Láti ọdún kan, iṣẹ́ tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ nìyí. Bó bá gbọ́ pé a tú u, mi ò mọ ohun tí yóò ṣe é.” Mànàmáná ń wò ó. Mo gbọ́ ọwọ́ Ìyá Àgbà lára ògiri, ó ń tọ́ ògiri bọ̀.

“Àbí aláṣọ ti dé?” ló wí. Ó na ọwọ́, ó bá ṣòkòtò náà lọ́wọ́ Mànàmáná, ó rẹ́rìn-ín. “Ìwọ ni àbí? Àrán ni mo fi sí orúnkún rẹ. Orúnkún ni àgbà fi ń bẹ Ọlọ́run, ó yẹ kí nǹkan tó rọ̀ wà níbẹ̀.” Mànàmáná wo Bàámi, ó wo èmi tí mo kúnlẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣé, Ìyá.” Ó ká ṣòkòtò sínú àpò, ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Kò sọ pé òun máa wọ̀ ọ́, kò sì sọ pé òun ò ní í wọ̀ ọ́. Bí ọkọ̀ ṣe lọ ni Ìyá Àgbà kéde pé, “Mo máa lọ wò ó lára rẹ̀ nírọ̀lẹ́ yìí. Àjíkẹ́ ni yóò mú mi lọ.” Bàámi ní ká máa lọ, òun ò ní í wá ní tòun. Ohun tí gbogbo ẹkún mi ò lè rí gbà, Ìyá Àgbà fi gbólóhùn kan gbà á. Mo ń lọ wo Mànàmáná! Inú mi ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí. Àbí kí ni kí n ṣe bí ó bá jáde tí kò wọ̀ ọ́?

Ẹ ò rí èrò lọ́jọ́ yẹn! Láti Ìdímù, láti Ìjẹ̀gún, láti Ìṣẹ̀rí-Olófin, wọ́n ń rọ́ bọ̀. Àwọn kan gun igi, àwọn kan dúró sórí ẹ̀yìn lọ́rì. Kọngilá jókòó pẹ̀lú àwọn ènìyàn ńlá lábẹ́ ìbòòji, rìbọ́ọ̀nù wà lára àwọn ẹ̀rọ epo tuntun, òórùn epo àti gúgúrú gba gbogbo ibẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kan tó tóbi tó yàrá wa ń hó lẹ́yìn ìtàgé. Àwọn ènìyàn ń wí pé, “Ẹ yà fún Ìyá o,” wọ́n sì ń là fún wa, títí a fi dé iwájú pátápátá. Tíṣà wà lọ́tùn-ún wa, ó wọ bọ́ńgò tí Bàámi rán fún un. Ọkùnrin onílù jókòó. Ó lu ìlù ńlá ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbì!, mo gbọ́ ọ nínú ikùn mi. Lẹ́yìn náà, jìtá ké! Kì í ṣe bó ṣe ń ké nínú rẹ́díógíràmù Tíṣà o. Ó gba àtẹ́lẹsẹ̀ mi wọlé, ó gba àtàrí mi jáde. Mo pariwo, mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo. Mànàmáná sì fò jáde láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ọkùnrin kúkúrú àárọ̀ yẹn, ó wá ga! Gbogbo pápá hó yèè.

Ṣòkòtò funfun ló wọ̀. Funfun báláú, ó ń dán.

Ìyá Àgbà fún ọwọ́ mi pinpin. “Àjíkẹ́, ṣé òun ló wọ̀?” Omi ti kún mi lójú. Mo wo ojú rẹ̀ tó gbé sókè sí ìtàgé, mo ní, “Òun ni, Ìyá Àgbà.” Irọ́ tó wúwo jù tí mo pa láyé mi nìyẹn, mo sì ti dàgbà, mo ti pa òmíràn. Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín, ó so ìró rẹ̀ le, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó jó róòkì bí ẹni pé orí rẹ̀ ni wọ́n bí i sí! Nígbà tí orin àkọ́kọ́ parí, tí gbogbo ènìyàn dákẹ́ díẹ̀, ó na ìka sí ìtàgé, ó sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ ké: “Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi! Ṣòkòtò tó wọ̀ yẹn, èmi ni mo lẹ̀ ẹ́! Ibi méje ni! Ó gba iṣẹ́ mi, kò kẹ́gàn rẹ̀, ọmọ gidi ni!” Àwọn ènìyàn wo ṣòkòtò funfun, wọ́n wo Ìyá Àgbà, wọ́n wo ara wọn. Ilẹ̀ ì bá là kí n wọ̀ ọ́. Ìyá kan tó ń ta gúgúrú bẹ̀rẹ̀ pé, “Ìyá, ẹ má bínú o, funfun ni…” Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ tagbáratagbára. Orin kejì parí, Ìyá Àgbà tún ké, ó tiẹ̀ wá ju ti àkọ́kọ́ lọ: “Àrán ló wà lórúnkún rẹ̀! Ẹ bi í bí mo bá parọ́!”

Mo rí i tí Mànàmáná yíjú sí wa. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí okùn jìtá, kò ta á. Ó bọ́ jígí, ó tún un wọ̀. Ó yọ́ ọ̀rọ̀ kan sọ sétí onílù, ó sì wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé lọ. Onílù bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìlù lù, ó ń lù ú lọ, ó ń lù ú lọ, òógùn bò ó, àwọn ènìyàn ti ń kùn. Mo rò pé a ti ba òde jẹ́ fún kọngilá. Ńṣe ni aṣọ ìkélé ṣí. Yéè, ẹ̀yin ènìyàn mi! Ṣòkòtò wa! Àrán pupa lórúnkún, àwọ̀ ewé nítan, kákí, gbogbo méjèèje ń tàn nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́, igbe tó sọ nínú pápá náà, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Tíṣà ń fò sókè, ó ń pariwo bí ọmọ iléèwé. Mànàmáná sọ̀kalẹ̀ láti orí ìtàgé, wáyà jìtá rẹ̀ ń wọ́ tẹ̀lé e, ó wá síwájú wa tààrà. Ó mú ọwọ́ Ìyá Àgbà, ó gbé e lé orúnkún ara rẹ̀. Ìyá Àgbà fi ìka méjì yẹ̀ ẹ́ wò. “Àrán,” ló wí. Mànàmáná gbé máìkì sẹ́nu. “Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wọ ihò kiri ayé,” ó wí, gbogbo Ìkọ̀tún ń gbọ́. “Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹnì kan ò bi mí rí pé, ọmọ mi, ṣé òtútù ò mú ọ?” Ó fò padà sórí ìtàgé, ó ta jìtá, a sì jó títí tí wọ́n fi pe ìrun Mọ̀ngáríbì. Ìgbà tí mo yíjú sẹ́yìn ni mo rí Bàámi láàárín èrò, Bàámi tó ní òun ò ní í wá. Fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sunkún, ó sì ń fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, máṣíìnì dúró lójijì. Bàámi gbé bùbá kan lọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó tẹ́ ẹ sórí itan ìyá rẹ̀. “Ìyá mi, iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún mi. Ẹ bá mi pa etí èyí rẹ́.” Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà fi ìka méjì yẹ bùbá náà wò, ó ní kí n gbé abẹ́rẹ́ wá. Mo jókòó tì í láti máa fi òwú bọ abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni irọ́ ọjọ́ Sátidé ń jẹ mí nínú. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. “Ìyá Àgbà, mo parọ́ fún yín níjẹta. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, kì í ṣe ṣòkòtò yín ló wọ̀.”

“Mo mọ̀,” Ìyá Àgbà wí. “Funfun ló wọ̀.”

Òwú bọ́ lọ́wọ́ mi. “Ta ló sọ fún yín?”

“Ta ni yóò sọ fún mi? Ta ló ń sọ fún ìwọ pé jàlàbíà bàbá rẹ wà lórí okùn? Funfun nìkan ni Ọlọ́run ṣẹ́kù sí mi lójú, mo sì ń rí i dáadáa.”

“Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń pariwo fún gbogbo ayé pé…”

“Gbogbo ayé wo?” Ó fi eyín já òwú. “Ojú ló ń dùn mí, etí mi ò di. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí Mànàmáná bá bàbá rẹ sọ ní ṣọ́ọ̀bù, àkísà àgbà, àkísà àgbà. Òótọ́ ni, àgbà lè lákìísà bó ti wù ú, kì í wọ̀ ọ́ dé ojú agbo. Òun ni mò ń pariwo fún, kó lè lọ pààrọ̀ funfun yẹn sí èyí tí mo lẹ̀.” Ó na abẹ́rẹ́ sí mi. “Fi òwú bọ̀ ọ́ jàre, iṣẹ́ pọ̀.”